Àbújá sí Calgary: wákàtí mélòó gan-an ni Màmá máa lò lókè?

Ọmọ Ìsánlú (Ọjọ́ Ajé, 8:12 alẹ́)

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí orí mi tó fọ́.

Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Calgary, ní Kánádà, bímọ lóṣù tó kọjá. Màmá wa fẹ́ lọ wẹ ọmọ. Wọn ò wọ ọkọ̀ òfurufú rí láyé wọn; ibi tó jìnnà jù tí wọ́n dé ni Kàdúná, nígbà tí bàbá wa ń ṣiṣẹ́ rélùwéè. Físà ti jáde, a ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, Ọjọ́bọ kan nínú oṣù kẹfà ni wọ́n ń lọ. Ìsánlú, ní ìpínlẹ̀ Kogi, ni wọ́n ti ń bọ̀; Àbújá ni wọ́n ti máa wọkọ̀, wọ́n á sọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n á wọ òmíràn lọ sí Calgary.

Màmá wá bi mí ní ìbéèrè kan péré: "Wákàtí mélòó ni?" Mo lọ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìkànnì kan ní 11,290 ni ọ̀nà jìn tó, wákàtí 13. Òmíràn ní 6,097, wákàtí 14 àti ààbọ̀. Àbúrò mi ní wákàtí 18 ni. Tíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ní wọ́n máa gbéra ní Àbújá ní aago 8:40 àárọ̀, wọ́n á sì balẹ̀ sí Calgary ní aago 7:30 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà. Mo fi ìka kà á, kò pé wákàtí 11. Ìbéèrè kan, ìdáhùn mẹ́rin! Èwo ni kí n sọ fún ìyá arúgbó?

Awakọ̀ Kàbà (8:20 alẹ́)

Ẹ kú oríire ọmọ tuntun o. Ṣùgbọ́n ẹ̀ ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ ń ka wákàtí Kánádà, ẹ ò tíì ka ti Ìsánlú sí Kàbà. Lọ́dún tó kọjá mo gbé arákùnrin kan tó ń lọ sí Dubai. Táyà bẹ́ mọ́ wa lẹ́sẹ̀ kí a tó dé Ọbàjànà, a pààrọ̀ rẹ̀ tán, tírélà kan dábùú títì níwájú. Kí àwa tó fojú rí afárá Jámátà, ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ ti fò. Orí títì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò yín.

Tíṣà Jọ́gíráfì (8:47 alẹ́)

Ẹ jẹ́ ká tú u lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ Awakọ̀ Kàbà náà ṣì ń bọ̀, kò burú.

11,290 àti 6,097 kò ta ko ara wọn. Èkíní, kìlómítà ni. Èkejì, máìlì tí àwọn awakọ̀ ojú omi àti ti òfurufú ń lò ni. Ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 1.852. Ẹ fi 1.852 ṣe ìlọ́po 6,097, ibi kan náà lẹ máa já sí. Bí ẹ bá tún rí ìkànnì kẹta tó ní 7,016, máìlì orí títì ti àwọn Òyìnbó nìyẹn. Bí ẹni fi kóńgò, múdù àti báàgì wọn ẹ̀wà kan náà ni.

Ti wákàtí ńkọ́? Kò sí ọkọ̀ kankan tó lọ tó sì bọ̀ wá ròyìn fún àwọn ìkànnì wọ̀nyẹn. Wọ́n fojú bu eré ọkọ̀ ni, wọ́n wá fi pín ọ̀nà. Ẹni tó ní 13 gbà pé ọkọ̀ ń sá kìlómítà 900 ní wákàtí kan, ó fi ìdajì wákàtí kún un fún gbígbéra àti bíbalẹ̀. Ẹni tó ní 14 àti ààbọ̀ gbà pé 805 ló ń sá, ìyẹn máìlì orí títì 500, òun náà fi ìdajì wákàtí kún un. Ẹ ṣe ìṣirò náà fúnra yín, ó máa bọ́ síbẹ̀ géérégé.

Àwọn méjèèjì ń wọn ọ̀nà bí ẹyẹ ṣe máa fò ó láti Àbújá láìdúró. Kò sì sí ọkọ̀ èrò kankan tó ń fò tààrà láti Àbújá sí Calgary. Ẹ jẹ́ kí Màmá gbàgbé 13, kí wọ́n gbàgbé 14 àti ààbọ̀.

Ọmọ Búnú (9:05 alẹ́)

Tíṣà, ẹ ṣé sà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó ti ń bí mi nínú tipẹ́. Mo la máàpù sílẹ̀, mo rí Nàìjíríà, mo rí Kánádà lápá òsì lókè. Kí ló dé tí wọ́n fi ń gbé èèyàn lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, tó wà lókè tààrà, kí wọ́n tó yà sí òsì? Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń yí wa po kí owó lè pọ̀? Bí awakọ̀ tó gbé èrò ní Kàbà tó gba Òkènè lọ sí Lọ́kọ́jà, nígbà tí ọ̀nà Ọbàjànà wà níbẹ̀.

Awakọ̀ Kàbà (9:08 alẹ́)

Ìwọ ọmọ yìí, má fi awakọ̀ ṣe àpẹẹrẹ olè. Àwọn ìgbà kan wà tí Òkènè sàn jù.

Tíṣà Jọ́gíráfì (9:40 alẹ́)

Máàpù ló ń tan Ọmọ Búnú jẹ. Ayé rí rogodo, bébà pẹlẹbẹ. Ẹni tó bá bó èèpo ọsàn tó fẹ́ tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí ẹní, àfi kó fà á ya tàbí kó nà án. Àwọn tó ya máàpù na apá òkè gan-an, ìdí nìyẹn tí Kánádà fi fẹ̀ báyẹn lójú yín.

Ẹ wá bọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé. Ẹ fi bírò sàmì sí Àbújá àti Calgary, kí ẹ fa òwú le dáadáa láti ojú àmì kan dé èkejì. Òwú yẹn kò ní lọ sí òsì lásán. Á kọ́kọ́ dojú kọ àríwá: ó gba orí aṣálẹ̀ Màlì, ó yọ sí etíkun Mòrókò lápá Agadir, ó sọdá Àtìláńtíìkì, ó wọ Labrador ní Kánádà, ó gba Hudson Bay, kó tó wá máa rọra sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ sí Calgary. Ọ̀nà tó kúrú jù nìyẹn, kìlómítà 11,290.

Ẹ wá wo ti Lọ́ńdọ̀nù. Àbújá sí Heathrow, pápákọ̀ Lọ́ńdọ̀nù, nǹkan bí kìlómítà 4,770. Heathrow sí Calgary, nǹkan bí 7,015. Ẹ pa á pọ̀: 11,785. Gbogbo yíyí tí wọ́n ń yí yín po kò ju nǹkan bí kìlómítà 500 lọ, ọkọ̀ òfurufú á sì jẹ ẹ́ tán láàárín ìṣẹ́jú 35. Lọ́ńdọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lójú ọ̀nà ni. Frankfurt náà kò jìnnà sí i, àpapọ̀ tirẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 12,090.

Ibi tí wọ́n ti ń yíni po gan-an ni kí ẹ gba Addis Ababa. Ẹ máa kọ́kọ́ lọ sí ìlà-oòrùn, 3,460, ẹ̀yìn sí Kánádà! Ẹ ó padà láti ibẹ̀ lọ sí Toronto, 11,500, Toronto sí Calgary sì tún fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,700. Ó lé ní 17,600. Owó rẹ̀ lè wálẹ̀ nígbà mìíràn, n kò ní kí ẹnikẹ́ni má gbà á.

Àǹtí Toronto (10:02 alẹ́)

Ẹ má dárúkọ ọ̀nà yẹn fún mi. Mo gbà á lọ́dún kan torí pé mo fẹ́ ṣọ́ owó. Mo rò pé bí a bá ti kúrò ní Addis, ó di Toronto. Àárín òru ni mo jí, mo rí i pé a ti balẹ̀. Mo gbé báàgì mi, mo ní a ti dé. Ọmọdékùnrin tó jókòó tì mí ní, "Màmá, epo ni wọ́n ń rà." Yúróòpù la wà!

Ẹnì kan ló wá ṣàlàyé fún mi pé orí òkè ni Addis wà, ó ga ju mítà 2,300 lọ. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, ọkọ̀ tó bá kún fún èrò àti ẹrù kò lè gbé epo tó máa gbé e dé Kánádà kó sì gbéra. Epo tí kò kún ni wọ́n fi ń jáde, wọ́n á wá kún un lọ́nà. Ẹsẹ̀ mi wú bí iṣu Yàgbà.

Ọmọ Búnú (10:15 alẹ́)

Ṣé ọkọ̀ òfurufú ò wá lágbára láti fò 11,290 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni?

Tíṣà Jọ́gíráfì (10:24 alẹ́)

Ó ní i. Láti Singapore sí New York, nǹkan bí kìlómítà 15,300, wọ́n ń fò ó láìdúró, ó sì ń gbà ju wákàtí 18 lọ. Níbí gan-an, láti 2011 sí 2016, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú United ti Amẹ́ríkà ń fò láti Houston sí Èkó láìdúró, nǹkan bí 10,470. Epo rọ̀bì ló ń gbé àwọn èrò ibẹ̀. Nígbà tí owó epo já, tí owó tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n pa ní náírà sì há síbí, wọ́n kó kúrò. Èrò ló ń gbé ọkọ̀ dúró. Mélòó nínú wa ló ń lọ sí Calgary láti Àbújá lóòjọ́?

Àgbà Ìjùmú (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:31 àárọ̀)

Mo kí gbogbo yín. Ẹ̀yin ọmọ òde òní ń jẹ̀gbádùn, ẹ ò mọ̀. Ní 1979 tí èmi lọ kàwé, Kánò ni mo ti wọ DC-10 Nigeria Airways lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Kwara ni wá nígbà yẹn, a ò tíì gbọ́ Kogi létí, 1991 nìyẹn dé. Ọjọ́ méjì ni mo fi dé Kánò láti Ìyàrà. Mo sun Ìlọrin, mo sun inú mọ́tò. Nígbà tí mo wá jókòó sínú ọkọ̀ òfurufú, mo sùn, mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ títí wọ́n fi ní ká de bẹ́líìtì.

Nítorí náà mo wà lẹ́yìn awakọ̀ yẹn. Ẹ bi í nípa títì.

Ọmọ Búnú (7:10 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ sà, Bàbá. Tíṣà, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù, ẹ má bínú. Wọ́n kọ́ wa pé ayé ń yí láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Bí Màmá bá wà lókè, tí ilẹ̀ ń yí bọ̀ lábẹ́ wọn, ṣé kò yẹ kí Kánádà fúnra rẹ̀ máa sáré bọ̀ wá pàdé wọn? Kí ló dé tí àlọ fi ń pẹ́ ju àbọ̀?

Tíṣà Jọ́gíráfì (7:55 àárọ̀)

Ìbéèrè dáadáa ni. Nígbà tí o bá wọ bọ́ọ̀sì láti Kàbà, tí eṣinṣin kan wọlé tó ń fò láàárín ọkọ̀, ṣé fèrèsé ẹ̀yìn máa ń sáré wá gbá a? Rárá. Afẹ́fẹ́ inú bọ́ọ̀sì ń bá bọ́ọ̀sì lọ, eṣinṣin sì wà nínú afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ tó yí ayé ká náà ń bá ayé yí. Ọkọ̀ òfurufú ni eṣinṣin.

Ohun tó ń fa ìyàtọ̀ ni ìjì kan tó máa ń fẹ́ níbi gíga tí ọkọ̀ ń rìn, kìlómítà 9 sí 12 sókè. Láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn ló ń fẹ́, bí odò tó ń ṣàn. Ẹni tó ń lọ sí Kánádà ń tukọ̀ sókè odò, ẹni tó ń bọ̀ ń bá omi ṣàn. Ìdí nìyẹn tí Lọ́ńdọ̀nù sí Calgary fi tó wákàtí 9, tí àbọ̀ kò sì ju 8 àti ìṣẹ́jú 20 lọ. Àwọn awakọ̀ kì í sì gba ojú kan náà lójoojúmọ́. Wọ́n á wo ibi tí ìjì yẹn wà lọ́jọ́ náà, wọ́n á yà fún un ní àlọ, wọ́n á wá a lọ ní àbọ̀.

Ọmọ Ìsánlú (8:30 àárọ̀)

Mo ti ń jàǹfààní o. Ṣùgbọ́n wákàtí 11 orí tíkẹ́ẹ̀tì àti 18 àbúrò mi ṣì wà nílẹ̀.

Ará Mọ̀pà ní Calgary (5:48 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, àárọ̀ la wà níbí. Ìyẹn gan-an sì ni ìdáhùn.

Ẹ fi aago Ìsánlú nìkan bá Màmá lọ, ẹ má yí i rárá. 8:40 àárọ̀, wọ́n gbéra ní Àbújá. Wákàtí 6 àti ààbọ̀, wọ́n balẹ̀ sí Heathrow ní 3:10 ọ̀sán. Nínú oṣù kẹfà, aago Lọ́ńdọ̀nù àti ti Nàìjíríà dọ́gba, kò sí ohun tó yí. Wọ́n jókòó níbẹ̀ fún wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 20. Ọkọ̀ kejì gbéra ní 5:30, ó fò fún wákàtí 9. Aago mélòó ló lù ní Ìsánlú? 2:30 òru. Láti 8:40 àárọ̀ dé 2:30 òru jẹ́ wákàtí 17 àti ìṣẹ́jú 50. Àbúrò yín kò purọ́.

Àmọ́ aago Calgary ń fi wákàtí 7 rìn lẹ́yìn ti ilé ní àsìkò yẹn. 2:30 òru tiyín, 7:30 ìrọ̀lẹ́ tiwa. Ohun tí wọ́n kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Aago ìlú tí èèyàn bá wà ni wọ́n máa ń kọ síbẹ̀, ní gbogbo ayé. Ẹni tó bá fi aago Calgary yọ aago Àbújá, bí ẹni fi ẹyẹlé yọ ewúrẹ́ ni. (Bó bá jẹ́ oṣù Kejìlá ni, wákàtí 8 ni ìyàtọ̀ máa jẹ́, torí wọ́n máa ń yí aago padà níbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Mo ti gbé níbí fún ọdún mẹ́sàn-án, mo ṣì ń pe ilé láàárín òru wọn nígbà mìíràn.)

Àbọ̀ ló máa jọ wọ́n lójú jù. Mo rí i pé irú tíkẹ́ẹ̀tì tí èmi náà rà ni. Wọ́n á kúrò níbí ní aago 9 alẹ́ ọjọ́ Àìkú, wọ́n á dé Lọ́ńdọ̀nù ní 12:20 ọ̀sán ọjọ́ Ajé, wọ́n á jókòó dé 10:30 alẹ́, wọ́n á wá balẹ̀ sí Àbújá ní aago 5 ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Lójú aago, wákàtí 32. Ní tòótọ́, 25, nínú èyí tí 10 jẹ́ ti ìjókòó lásán. Ẹ bá wọn wá ibi tí wọ́n lè dùbúlẹ̀ sí.

Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì bóyá inú pápákọ̀ nìkan ni wọ́n máa wà ní Heathrow, kí ẹ sì rí i pé ẹrù wọn yóò lọ tààrà dé Calgary, kì í ṣe pé wọ́n á tún gbé e ní Lọ́ńdọ̀nù.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbẹ̀ (6:20 ìrọ̀lẹ́)

Gbogbo yín ń ka wákàtí, ẹnikẹ́ni ò béèrè ara ìyá. Ọmọ Ìsánlú, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ ọdún mélòó ni Màmá? Ṣé wọ́n ń lo oògùn kankan?

Ọmọ Ìsánlú (6:26 ìrọ̀lẹ́)

Wọ́n jẹ́ ẹni ọdún 71, mà. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ń lò, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́. Wọn kì í wo aago. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí wọ́n jẹun tán, wọ́n á lò ó. Nǹkan bí aago 8.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbẹ̀ (6:51 ìrọ̀lẹ́)

Ohun tí mo ń bẹ̀rù nìyẹn. Lọ́jọ́ yẹn, ilẹ̀ kò ní ṣú.

Ẹ wò ó. Wọ́n ń kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù ní 5:30 ìrọ̀lẹ́, nínú oṣù kẹfà oòrùn ibẹ̀ kì í wọ̀ títí aago 9 fi máa ń kọjá. Ọkọ̀ ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn, oòrùn náà ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn, apá òkè ayé ni wọ́n sì ń gbà. Wákàtí 9 ni wọ́n máa fi fò, ojúmọmọ ni. Wọ́n á balẹ̀ sí Calgary, oòrùn ṣì wà lókè. Ó ń tó aago 10 alẹ́ kó tó wọ̀ níbẹ̀ lásìkò yẹn. Aago 10 alẹ́ wọn, 5 ìdájí wa. Bí Màmá bá dúró de kí ilẹ̀ ṣú kí wọ́n tó lo oògùn, wákàtí 9 ló ti kọjá lórí àsìkò rẹ̀, lẹ́yìn odindi ọjọ́ tí wọn ò sùn dáadáa.

Ẹ ra aago ọwọ́ kan fún wọn, kí ẹ fi í sí aago Ìsánlú. Bó bá ti lu 8, ọkọ̀ kejì á ti fò fún wákàtí méjì àti ààbọ̀, kí wọ́n lo oògùn wọn níbẹ̀. Bí wọ́n bá dé ọ̀hún, dókítà tó kọ oògùn fún wọn ló máa sọ bí wọ́n ṣe máa sún un bọ́ sí aago ibẹ̀. Ẹ lọ bi í kí wọ́n tó lọ, ẹ má fi ti èmi ṣe. Inú àpamọ́wọ́ ni kí oògùn wà, nínú páálí rẹ̀, kì í ṣe nínú àpótí tó ń lọ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀.

Ti ẹsẹ̀: kí wọ́n máa dìde rìn díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n máa mu omi. Àwọn ìyá wa kì í fẹ́ mumi torí wọ́n ń tijú ilé ìtọ̀ ọkọ̀. Ẹ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Kí ẹ sì pe ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ṣáájú pé ẹ fẹ́ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti àgbàlagbà. Wọn kì í gbowó rẹ̀. Ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ ló máa mú wọn dé ẹnu ọkọ̀ kejì ní Heathrow, wọn ò ní sọnù.

Àǹtí Toronto (7:15 alẹ́)

Ẹ gbọ́ ti kẹ̀kẹ́ yẹn o! Ìyá mi kọ́kọ́ kọ̀, wọ́n ní àwọn kì í ṣe arọ. Nígbà tí wọ́n rí bí Heathrow ṣe gùn tó, wọ́n ní kí wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ wá kíá. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n di ẹran gbígbẹ sínú ẹrù, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ wọn.

Awakọ̀ Kàbà (7:40 alẹ́)

Ó ti kàn mí báyìí.

Ẹ má gbéra ní Ìsánlú lọ́jọ́ tí ọkọ̀ máa fò. Aago 8:40 àárọ̀ túmọ̀ sí pé aago 5 ìdájí kí ẹ ti wà ní pápákọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ láti Ìsánlú, òru ló máa rìn, ẹ̀yin náà sì mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí lóru. Kí ilẹ̀ má ṣú bá ìyá yín níbi kankan láàárín Ẹ̀gbẹ̀ sí Lọ́kọ́jà.

Ọjọ́rú, aago 7 àárọ̀, ẹ gbéra. Ìsánlú, Kàbà, Ọbàjànà, Lọ́kọ́jà. Ẹ jẹun ní Lọ́kọ́jà. Ẹ sọdá Jámátà, Kótónkarfí, Àbájí, Gwagwalada. Ẹ dúró níbẹ̀! Ẹ má wọ ìgboro Àbújá, kò sóhun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe níbẹ̀. Pápákọ̀ wà ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, ẹ ó ti dé ìkóríta Giri kí ẹ tó rí Àbújá. Ẹ sun Gwagwalada, aago 4 ìdájí ẹ jáde. Mo máa ń ka wákàtí 6 sí ìrìn yẹn, ṣùgbọ́n wákàtí 10 ni kí ẹ ní lọ́wọ́. Oṣù kẹfà dára, omi kò tíì kún. Bó bá jẹ́ oṣù kẹwàá ni, irú ti 2022, tí omi gba títì ní Kótónkarfí, mi ò ní gbà yín níyànjú Àbújá rárá.

Ọmọ Búnú (7:52 alẹ́)

Ṣé Ìlọrin kò ní sàn? Ẹ wọkọ̀ òfurufú níbẹ̀ lọ sí Èkó, ẹ tibẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù.

Awakọ̀ Kàbà (7:58 alẹ́)

Fún ará Ẹ̀gbẹ̀, bóyá. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ mẹ́ta nìyẹn dípò méjì, bí ti Ìlọrin bá sì pẹ́, ti Èkó kò ní dúró dè ọ́.

Tíṣà Jọ́gíráfì (8:30 alẹ́)

Mo ka gbogbo rẹ̀, mo ní kí n ṣe ìṣirò ìkẹyìn. Láti aago 7 àárọ̀ Ọjọ́rú ní Ìsánlú, títí Màmá yóò fi jókòó sí pálọ̀ ọmọ wọn ní Calgary, ẹ jẹ́ ká sọ pé aago 9 alẹ́ Ọjọ́bọ ibẹ̀, ìyẹn 4 ìdájí ọjọ́ Ẹtì wa. Wákàtí 45. Ti òfurufú nínú rẹ̀: 6 àti ààbọ̀, àti 9. Wákàtí 15 àti ààbọ̀ péré! Nǹkan bí ọgbọ̀n wákàtí tó kù, ti títì, ti oorun Gwagwalada, ti ìlà àti ìjókòó ni. Awakọ̀ Kàbà, mo dọ̀bálẹ̀.

Awakọ̀ Kàbà (8:33 alẹ́)

Ẹ dìde sà. Ẹ wá san owó ọkọ̀.

Ọmọ Ìsánlú (Ọjọ́ Àbámẹ́ta, nínú oṣù kẹfà, 9:15 àárọ̀)

Mo ní kí n padà wá jábọ̀. Màmá ti dé.

A ṣe bí Awakọ̀ ṣe wí. Wákàtí 8 la lò dé Gwagwalada, ibi kan tí wọ́n ń tún ṣe lójú títì ló dá wa dúró. A sùn, a jí, a wà ní pápákọ̀ kí aago 5 tó lù. Mo sọ fún Màmá pé "wákàtí 18 ni, láti ìgbà tí ọkọ̀ bá gbéra." Wọ́n ní ó ti kúrú ju ìgbà tí àwọn rọbí mi lọ.

Ọkọ̀ kejì pẹ́ ní ìṣẹ́jú 50 ní Lọ́ńdọ̀nù kó tó gbéra, ṣùgbọ́n ó sá eré gan-an lókè, kò ju ìṣẹ́jú 25 lọ tí wọ́n fi pẹ́ dé. Tíṣà, mo rò pé ìjì yín kò le lọ́jọ́ náà. Àbúrò mi ní ọmọkùnrin kan ló ti Màmá jáde lórí kẹ̀kẹ́, Màmá ti mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n ti mọ orúkọ ìyá rẹ̀, wọ́n sì ti ń gbàdúrà fún un kó rí ìyàwó fẹ́.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ lórí fóònù ni pé oòrùn ibẹ̀ kò lẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ní ó ń tẹ̀ lé àwọn láti Lọ́ńdọ̀nù bí ajá tẹ̀ lé olówó rẹ̀ lọ sóko, ó tẹ̀ lé àwọn wọlé, àwọn jẹun tán ó ṣì ń wo àwọn lójú fèrèsé.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbẹ̀ (9:40 àárọ̀)

A dúpẹ́. Oògùn ńkọ́?

Ọmọ Ìsánlú (9:44 àárọ̀)

Wọ́n lò ó lókè, mà, aago 8 gééré. Dókítà ti ní kí wọ́n máa sún un ní wákàtí kan kan lójoojúmọ́ títí yóò fi bọ́ sí alẹ́ ibẹ̀, ṣùgbọ́n Màmá kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan aago àwọn. Dókítà ní kò burú, bí wọn kò bá ti máa pa á jẹ. Aago kan ọ̀sán Calgary ni wọ́n ń lò ó báyìí. Àbúrò mi ní bí àwọn bá ti gbé oúnjẹ ọ̀sán sílẹ̀, Màmá á wo ọwọ́, wọ́n á ní, "Ilẹ̀ ti ṣú ní Ìsánlú," wọ́n á sì béèrè omi.